Ẹrù Tí Oníbodè Kò Rí

Ẹni tí ó bá jókòó sí Ìgólò, níbi tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti fi ara kan ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó sì kọjú sí Ìdí-Ìrókò láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀, yóò rí bí wọ́n ti ń tú ẹrù àwọn ènìyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù, aṣọ òkìrìká, páálí tòmátò inú agolo, yóò gbọ́ bí àwọn ìyá oníṣòwò ti ń rojọ́ tí àwọn dúwáànì ń da ẹjọ́ náà padà, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú tàbí tí ẹrù yóò fi sùn sí ibodè. Ṣùgbọ́n bí ojú oníbodè ti wù kí ó mú tó, ẹrù kan wà tí kò rí i rí. Ibà kì í sanwó ibodè. Ìgbẹ́ gbuuru kò mọ ẹni tí ń sọ Faransé yàtọ̀ sí ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n rere pàápàá, bí ó bá ti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ jáde, a máa gba ẹ̀gbẹ́ oníbodè kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìwé ìrìnnà. Ìtàn irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ti àwọn dókítà méjì, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn rù ú.

Ìlú wa ni àwọn Faransé ń kọ ní Ifangni nínú ìwé wọn. Ìfọ̀nyìn ni a ń pè é lẹ́nu tiwa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn ṣe àdéhùn, tí wọ́n fi ìlà pín ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba wọn, tí ẹ̀gbọ́n fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé tí àbúrò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfọ̀nyìn-tẹ̀dó ń bẹ lọ́hùn-ún, ní ìhà Ìpókíá, orúkọ rẹ̀ sì ti tó ìtàn fún ẹni tí ó bá ní etí: àwọn ará Ìfọ̀nyìn ni ó lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Títí di òní, bí òkú bá kú ní ìhín, wọn a sunkún ní ọ̀hún. Bí ìyàwó bá bímọ ní ọ̀hún, ìyá rẹ̀ a di ọṣẹ dúdú àti agbada láti ìhín lọ wẹ ọmọ náà.

Àìsàn ni ó kọ́kọ́ fi ìlà náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a tó sọ ti dókítà, ẹ jẹ́ kí á fi ìbà fún Olóde, ọba ilẹ̀ gbígbóná, ẹni tí a kì í fi ẹnu lásán dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ṣọ̀pọ̀ná pa ènìyàn ní ìhín, ó pa ènìyàn ní ọ̀hún. Ní Èkó, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Ògúntọ́lá Sapara, tí a bí ní 1861 tí ó sì kú ní 1935, fi ọgbọ́n wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀ná lọ, ó sì rí i pé àwọn kan nínú àwọn awo ń họ èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í tan àrùn kálẹ̀. Ìjọba gbọ́, ó fi òfin de ìbọ Ṣọ̀pọ̀ná. Mo bọlá fún Sapara, nítorí kì í ṣe gbogbo dókítà ni ó lè gbé irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ wewu. Ṣùgbọ́n ń kò lè ṣàì sọ pé òfin tí ó ti ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ jáde kò pa ìbọ náà run. Igbó ni ó lé e wọ̀.

Ní ìhà tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀gún mìíràn. Àwọn Faransé mú abẹ́rẹ́ àjẹsára wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mú abẹ́rẹ́ wá náà ni ọwọ́ tí ń gba owó orí, tí ń kó ọ̀dọ́mọkùnrin lọ ṣe iṣẹ́ àfipáṣe, tí ó sì ń kó wọn lọ sójú ogun nígbà tí ogun 1914 bẹ́. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní indigénat, èyí tí ó fún aṣojú ìjọba ní agbára láti ti ọmọ onílẹ̀ mọ́lé láìjẹ́ pé ó gbé e dé iwájú adájọ́; 1946 ni ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ agboolé fi di ẹrù lóru tí wọ́n kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò wá bínú sí ìyá tí ó rí fìlà pupa ọlọ́pàá lókèèrè tí ó gbé ọmọ rẹ̀ sá wọ inú oko àgbàdo, láìdúró wò bóyá abẹ́rẹ́ ni wọ́n mú wá tàbí okùn? Ẹni tí ń nà ọ́ ní pàṣán lánàá kò lè fún ọ ní oògùn lónìí kí o ṣe é ní àmín. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ nípa ìlera àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ń bẹ nínú oko àgbàdo yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n jẹ́. Àwọn aláṣẹ ni ó pín wọn sí ilé iṣẹ́ ìjọba méjì.

Wàyí o, ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Líṣàbí, ilé kan wà tí wọn kò ti pín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí níyà. Bàbá ilé náà, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1931, ọ̀gá ilé-ìwé tí kì í ṣàfira bí ọ̀rọ̀ bá di ti pàṣán àti ti òtítọ́. Ìyá ilé náà ni Fúnmiláyọ̀, obìnrin bí ọkùnrin, ẹni tí ó kó àwọn ìyálọ́jà Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n fi lọ ká owó orí àwọn obìnrin mọ́ ààfin, títí Aláké Adémọ́lá fi fi ìlú sílẹ̀ ní 1949. Ọmọ tí ó dàgbà sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí kò bá di agbẹjọ́rò tálákà, yóò di olórin. Bí kò bá sì di olórin, yóò di dókítà tí ìjọba kò lè sùn nítorí rẹ̀. Orin ni Fẹlá gbà. Ìṣègùn ni Olíkóyè àti Beko gbà.

A bí Olíkóyè ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1927 ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kọ́ ìṣègùn ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ó padà sílé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó. Ní 1985 ni Babangida, olórí ìjọba ológun, fi í ṣe mínísítà ètò ìlera, ipò náà ni ó sì wà títí di 1992. Ohun tí ó bá nílẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Aláwọ̀-dúdú: ilé ìwòsàn gàgàrà ní olú-ìlú, tí owó ìlera ń wọ́ lọ sínú rẹ̀ bí omi tí ń ṣàn sí àfonífojì, nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti ìta ń kó ọmọ lọ ní abúlé tí kò rí nọ́ọ̀sì rí. Ní 1978, ní Alma-Ata, àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fẹnu kò pé ẹnu ọ̀nà àwọn ará abúlé ni kí ìlera ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọba fọwọ́ sí ìwé náà, wọ́n fi í sínú àpótí. Olíkóyè ni ó ṣí àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ 52, ó mú àjẹsára ọmọdé ní ọ̀kúnkúndùn, ó ní kí ìyá fi ọyàn bọ́ ọmọ kí ó pa ìgò mílíìkì tì, ó ní kí wọ́n máa kọ orúkọ gbogbo aboyún tí ó bá ti ibi ìkúnlẹ̀ kú sílẹ̀, nítorí ẹni tí a kò kà mọ́ òkú, kò sí ẹni tí yóò bèèrè ohun tí ó pa á.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní àgbàlá wa kò jù ìgò kan lọ. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ọmọ àbúrò ìyá mi ń ṣu, ó ń bì, ojú rẹ̀ ti wọ inú, àwọ̀ ikùn rẹ̀ bí a bá fà á kò tètè padà sílẹ̀. Àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, irú ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nígbà tí a bá ti ń ro ibi tí a óò gbẹ́ ilẹ̀ sí. Ìyàwó ilé kan tí a fẹ́ wá láti Ìdí-Ìrókò ni ó dìde, tí ó fọ ìgò bíà ńlá kan, ó bu omi tí a ti sè tí ó ti tutù sínú rẹ̀, ó ju kóró ṣúgà márùn-ún sí i, ó wọn iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, ó fi ìka nù ú kí ó lè tẹ́jú dọ́gba, ó dà á sí i, ó mi ìgò náà títí ṣúgà fi yọ́. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ó wá jókòó, ó ń fi ṣíbí bu ú sí ọmọ náà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ó bá bì í a dúró díẹ̀, a tún bu òmíràn, títí àkùkọ fi kọ. Ibo ni o ti kọ́ ọ? Ó ní lórí rédíò àti ní ilé ìlera alábọ́dé lọ́hùn-ún ni. Àrọ̀sọ ni a kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà, nítorí àṣà wa ni láti ká omi kúrò lẹ́nu ẹni tí ń ṣu, pé kí ìgbẹ́ náà lè gbẹ. Ọmọ tí mo ń wí yìí ti di bàbá ọmọ mẹ́ta báyìí, ó ń gun alùpùpù zémíjàn ní Ìtakẹ́tẹ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò rí ìgò náà nígbà tí ó ń kọjá, dúwáànì tiwa kò sì gba owó orí rẹ̀.

Ti àbúrò Olíkóyè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1940 ni a bí Beko ní Abẹ́òkúta. Manchester ni ó ti kọ́ṣẹ́ dókítà, ó sì padà sílé ní 1963. Ilé ìwòsàn rẹ̀ wà nínú ọgbà tí Fẹlá sọ ní Kàlàkúta ní Èkó, àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ inú ọgbà náà, wọ́n na ènìyàn, wọ́n ti ìyá wọn láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀, wọ́n dáná sun ilé, ilé ìwòsàn Beko sì bá a lọ. Ìyá náà kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìjọba wádìí, ó ní sójà tí a kò mọ̀ ni ó dáná náà. Èmi rò pé ní ọjọ́ tí dókítà kan dúró wo àwọn ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ tí ó di eérú, tí ó sì gbọ́ pé kò sí ẹni tí a ó bi, ni ó ti mọ̀ pé àìsàn kan wà tí oògùn inú àpótí kò ràn.

Ìtàn a máa ṣe bí àrá, a máa sán síbi tí a kò fojú sí. Ní òru ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1983, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, ọ̀gá ológun tí ó bọ́ sórí rédíò sọ pé àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà ti di ibi ìyẹ̀wò lásán tí kò sí oògùn nínú wọn. Sani Abacha ni orúkọ rẹ̀. Àwọn dókítà gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Beko jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọdún kan kọjá tí oògùn kò dé, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba tí ó sọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀ wá fi òfin de ẹgbẹ́ wọn ní 1985, ó sì ju Beko sí àtìmọ́lé. Ọ̀rọ̀ tí ọba sọ tí a fi jó ni ará ìlú tún sọ tí a fi nà án.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn Babangida gba ìjọba. Beko jáde kúrò ní àtìmọ́lé, Olíkóyè sì wọlé sí ilé iṣẹ́ ìjọba. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìyá méjì yìí ti takókó nìyí. Ẹ̀gbọ́n ń jókòó pẹ̀lú àwọn ológun kí àjẹsára lè dé abúlé. Àbúrò ń bá àwọn ológun kan náà jà kí wọ́n lè padà sí bárékè. Ní 1989 Beko dá ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní CDHR. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, ìjọba mú òun, Gàní Fawẹ̀hìnmi, Fẹ́mi Fálànà àti àwọn mìíràn, wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n Kuje nítòsí Àbújá. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì jẹ́ mínísítà nínú ìjọba tí ó tì í mọ́lé. Àwọn kan wí pé ó yẹ kí Olíkóyè ju ipò náà sílẹ̀. Bí ẹ bá bi èmi, mo ti rí ìgò bíà kan pẹ̀lú ojú ara mi, nítorí náà ń kò lè dájọ́ náà tààrà. Ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ ọwọ́ òsì ni mo rí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé omi náà tutù, ó sì ń dun ọwọ́.

Ẹrù tí ó tún wá kọjá láti ìhín sí ọ̀hún wúwo, ará Ìfọ̀nyìn ni mí, ẹ jẹ́ kí n yan díẹ̀. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, ní Kùtọnù, ní hótẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo, àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jókòó ṣe àpérò gbogbogbòò, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ń darí. Àpérò náà sọ pé òun ni aláṣẹ, pé ohun tí òun bá pinnu ni òfin. Kérékou, tí ó ti fi ológun jọba láti 1972, sì gbà á. Ìbọn kan kò dún. Ọ̀rọ̀ náà kọjá Ìgólò lọ́jọ́ kan náà. Kò pẹ́ tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú àpérò aláṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ara wọn; amòfin Aláò Aka-Basorun sì ni aṣíwájú àwọn tí ó fẹ́ pè é ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ní Ìgànmú, kí ìjọba tó dá wọn dúró. Ìbéèrè náà di ọ̀kan pàtàkì lára ohun tí Campaign for Democracy, tí Beko jẹ́ alága rẹ̀, ń jà fún. Nígbà tí Babangida fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ẹgbẹ́ yìí ni ó pe àwọn ará Èkó síta ní oṣù keje, tí ìgboro sì dá páropáro.

Ọdún tí Abacha fi jẹ́ olórí ìjọba ni ó burú jù. Ní 1995 wọ́n gbé Beko lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ológun, wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ìdìtẹ̀ ìjọba. Kí ni ó ṣe? Ìwé tí ọ̀kan nínú àwọn ológun tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ fi gbèjà ara rẹ̀ ni wọ́n ní ó fi ẹ̀rọ fáàsì ránṣẹ́ sí òkè òkun kí ayé lè kà á. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 15, wọ́n sì gbé e lọ sí Katsina. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀nà igbó tí ó wà ní bèbè ibodè di ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀nà NADECO, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NADECO tí Abacha ń lé. Wọlé Ṣóyínká pàápàá gun alùpùpù la igbó kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 1994. Àwọn tí baba wọn ti sá fún Faransé gba ọ̀nà yìí lọ, wọ́n wá rí àwọn ọmọ ọ̀hún tí wọ́n ń sá gbà á bọ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997, Beko pé ẹni ọdún 57 nínú ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ náà gan-an ni Fẹlá kú ní Èkó. Ní ọjọ́ kejì, Olíkóyè pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ ní gbangba pé àrùn éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ẹ rántí irú ọjọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́: àwọn ìdílé ń pe éèdì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní iṣẹ́ ayé, kí wọ́n má baà gbọ́ ohun tí aládùúgbò yóò wí. Ọ̀pọ̀ bínú sí i pé ó tú àṣírí òkú. Ẹni tí ó ti fi ọdún méje ní kí ìyá abúlé sọ ohun tí ó pa ọmọ rẹ̀, kí ó lè wọ inú ìwé, kò lè wá máa fi ikọ́ ẹ̀gbẹ bo tirẹ̀.

Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1998, Beko sì jáde ní oṣù náà. Olíkóyè kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2003; Beko tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2006, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú Olíkóyè tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya fi kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀, nítorí wọ́n ní wọ́n ti fi ohun mìíràn lù ú. Àrùn náà gbéra, ó sì tún wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó ti kúrò níbẹ̀. Oko àgbàdo àwọn baba wa ni mo rántí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rù tí ìjọba ti dá ba ènìyàn kì í tètè tán nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ìwé òfin, a lè yangàn díẹ̀ sí Nàìjíríà. Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, ní abala kẹjọ, sọ pé dandan ni fún ìjọba láti jẹ́ kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ dé ibi ìlera bákan náà, ẹnikẹ́ni lára wa sì lè lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ní Kùtọnù. Òfin Nàìjíríà sọ̀rọ̀ ìlera ní orí kejì, ó sì tún sọ níbòmíràn pé kí adájọ́ má ṣe gbọ́ ẹjọ́ tí ó bá ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n abala kẹjọ kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí àwọn mínísítà ìlera ti pàdé ní Bamako ní 1987 ni a ti ń sanwó oògùn lọ́wọ́ ara wa ní ilé ìlera, tí ìgbìmọ̀ ará ìlú ń ṣọ́ àpótí owó. Oògùn wá pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní sẹ́fà a jókòó sílé. Ọdún 2009 ni ìjọba tó sọ pé aboyún tí a bá ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún kò ní san owó iṣẹ́ abẹ náà mọ́.

Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì tún ṣí Ìdí-Ìrókò títí di 2022, mo wà ní ilé ìlera kan ní ìhà tiwa ní àárọ̀ ọjọ́ àjẹsára. Obìnrin kan wọlé, ẹrẹ̀ dé orókún rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó sì yọ káàdì kan tí ó fi ọ̀rá wé jáde láti inú ìró rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó yí i sókè, ó yí i sódò. Ó bi í pé, “Ìyá ọmọ, ibo lẹ ti wá?” Obìnrin náà dárúkọ abúlé kan ní ọ̀hún, ó tún fi kún un kíákíá pé, “Ilé baba mi nìyí o, Ìfọ̀nyìn ni wọ́n ti bí i.” Nọ́ọ̀sì kò dáhùn. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú káàdì tuntun tí wọ́n fi Faransé tẹ̀ jáde, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọ láti ọ̀kan sí èkejì, ó ń ka àwọn oṣù Gẹ̀ẹ́sì náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; bí ọ̀kan bá sì di í lọ́wọ́, obìnrin tí ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ a bá a pè é.